Àwọ̀ Kọ́ Ni Ẹ̀rí Ìran

Bismillahi-r-Rahmani-r-Rahim. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ ó máa bá Ànábì wa Muhammad (s.a.w.), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀. 

Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí àwọn ẹbí tí bàbá jẹ́ ọmọ Ìgbómìnà, tí ìyá jẹ́ aláwọ̀ funfun. Kí ni ojú ọmọ wọn ń rí láàárín wa? Bó bá kọjá lọ́jà Ọmù-Àrán, "Òyìnbó! Òyìnbó!" la ó máa ké tẹ̀lé e. Bí ìyá rẹ̀ bá fẹ́ ra iṣu, owó ọ̀tọ̀ la ó dá lé e. Bí bàbá bá fà á lọ́wọ́, a ó ní, "Alhaji, ọmọ ta lèyí?" Ìyá bàbá rẹ̀ ń kì í ní oríkì ilé wọn láàárọ̀, àwa ń pè é ní àlejò lọ́sàn-án.

Nínú Ramadan kan, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tẹ̀lé bàbá rẹ̀ wá kírun Jímọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bàbá ṣì ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́. Àgbàlagbà kan nínú wa dá ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà: "Mùsùlùmí nìkan ló ń wọ ibí o." Ọmọ náà fi Yorùbá dá a lóhùn pé, "Bàbá, èmi náà gbààwẹ̀." Ojú tì wá. A bẹ bàbá, a bẹ ọmọ. Ṣùgbọ́n ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, bàbá nìkan ló wá.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ rí ní Madina. Zayd ọmọ Haritha pupa. Ìyàwó rẹ̀, Umm Ayman, ará Habasha ni. Usama ọmọ wọn sì dúdú. Àwọn kan ń sọ pé kì í ṣe ọmọ Zayd. Lọ́jọ́ kan, bàbá àtọmọ sùn, wọ́n faṣọ borí, ẹsẹ̀ wọn yọ síta. Ọkùnrin kan tó mọ ìran wò lára ẹsẹ̀ rí wọn, ó ní inú ara wọn ni ẹsẹ̀ wọ̀nyí ti wá. Inú Ànábì dùn débi pé ojú rẹ̀ ń tàn nígbà tó wọlé tọ Aisha. Ní ọdún 632, ó fi Usama yìí, tí kò tíì pé 20 ọdún dáadáa, ṣe olórí ogun lé àwọn àgbà sàhábà lórí.

Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 pàápàá, ní abala 25, gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọmọ ilẹ̀ wa láti ọjọ́ ìbí. Suratul Hujurat sì ti kọ́ wa pé ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ló ń gbé ẹ̀dá ga.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká máa pe ọmọ lórúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ta iṣu fún ìyá rẹ̀ ní iye tí à ń tà á fún ara wa. Bó bá sì dé mọ́sálásí, ẹ sún, kó ráyè dúró nínú sàfù.

Kí Ọlọ́hun foríjì wá, kó dá ọmọ náà padà sáàárín wa. Àmín.