Orúkọ Macaulay, láti Erékùṣù Lewis dé Ilẹ̀ Apápá

Orúkọ ìdílé, èyí tí í ṣe orúkọ kan ṣoṣo tí bàbá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ jọ ń jẹ́ láti ìran dé ìran, kò tíì pẹ́ púpọ̀ láàárín àwọn Yorùbá, nítorí pé orúkọ àmútọ̀runwá tàbí orúkọ àbísọ, oríkì, orílẹ̀ àti agbo ilé ni àwọn baba ńlá fi ń mọ ẹni tí ènìyàn jẹ́ àti ibi tó ti wá. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ sínú ìwé ìrìbọmi, ìwé ilé ẹ̀kọ́ àti ìwé ilẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni orúkọ ìdílé wá di ọ̀ranyàn. Ní Èkó, díẹ̀ lára àwọn orúkọ tó kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ lọ́nà yìí wá láti Skọ́tílándì, ilẹ̀ tó wà ní àríwá erékùṣù Bìrìtéènì. Nínú wọn, kò sí èyí tí ìtàn rẹ̀ kún tó ti Macaulay, kò sì sí ibi tí ìtàn náà ti ṣe é fọwọ́ bà tó Apápá, níbi tí òpópónà Creek Road wà, nítorí pé ọ̀ràn ilẹ̀ Apápá ló gbé ọ̀kan nínú àwọn tó jẹ́ orúkọ náà dé London.

Èdè Gaelic, tí í ṣe èdè àtijọ́ àwọn ará òkè Skọ́tílándì àti àwọn erékùṣù ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, ni orúkọ yìí ti jáde. "Mac" túmọ̀ sí ọmọ; "Aulay" sì ni bí àwọn elédè Gaelic ṣe ń pe Olaf, orúkọ tí àwọn atukọ̀ ajagun láti Norway mú wá nígbà tí wọ́n gba àwọn erékùṣù náà, tí wọ́n sì jọba lé wọn lórí fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, títí di ọdún 1266 tí àdéhùn Perth fi dá àwọn erékùṣù náà padà sọ́wọ́ ọba Skọ́tílándì. Àwọn Macaulay tí agbègbè Uig ní erékùṣù Lewis jẹ́ ojúlé wọn máa ń sọ pé ọmọ Olaf Dúdú ni àwọn, ọba tó ṣàkóso erékùṣù Man àti àwọn erékùṣù ìwọ̀-oòrùn, tó sì kú ní ọdún 1237. Èyí fi hàn pé ní ilé rẹ̀ pàápàá, orúkọ àlejò ni orúkọ Macaulay kí ó tó di orúkọ onílé.

Àwọn Macaulay kejì wà tí wọn kò bá ti Lewis tan. Àwọn wọ̀nyí ni ti Ardincaple, ní ẹ̀bá odò ńlá Clyde ní ìwọ̀-oòrùn Skọ́tílándì, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Amhalghadh, orúkọ àtijọ́ mìíràn tó yàtọ̀ sí Olaf, ni orúkọ tiwọn ti sú yọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bákan náà ni wọ́n wá ń kọ méjèèjì. Ìdílé Ardincaple ní ilẹ̀ àti ilé olódi, ṣùgbọ́n gbèsè wọ̀ wọ́n lọ́rùn títí ilẹ̀ náà fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn Campbell ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Nítorí náà, ẹni tó bá gbọ́ pé ẹnìkan ń jẹ́ Macaulay ní Skọ́tílándì kò lè fi orúkọ nìkan mọ ìran tó ti wá, ọ̀rọ̀ tó sì yẹ kí àwọn tó ń fi orúkọ wá ẹ̀jẹ̀ kiri ní Èkó fi sọ́kàn.

Ìtàn Ardincaple ní apá kan tó kan Èkó lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò lè rò tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1591, olórí àwọn Macaulay ti Ardincaple bá olórí àwọn MacGregor ti Glenstrae fọwọ́ sí ìwé ìmùlẹ̀, tí wọ́n fi ṣèlérí pé àwọn yóò máa gbèjà ara àwọn, torí pé wọ́n gbà pé ìran kan náà ni àwọn. Ọdún 12 péré lẹ́yìn náà, ìyẹn 1603, ọba Skọ́tílándì fi òfin de orúkọ MacGregor nítorí ìpànìyàn tó ṣẹlẹ̀ ní Glen Fruin, àṣẹ sì jáde pé kí gbogbo ẹni tó ń jẹ́ ẹ pa á dà tàbí kí ó kú. Ọdún 1774 ni wọ́n tó mú òfin náà kúrò pátápátá. Ó wá bọ́ sí i pé Gómìnà Èkó láti ọdún 1899 sí 1904 ni William MacGregor, dókítà tí wọ́n bí ní agbègbè Aberdeen ní 1846, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ipa omi tí wọ́n gbẹ́ láàárín erékùṣù Èkó àti Ìkòyí láti fa àbàtà gbẹ, kí ẹ̀fọn lè dín kù. Ní ọdún tó ṣáájú dídé rẹ̀ ni Herbert Macaulay, ẹni tí ọ̀ràn Apápá yóò gbé dé London, fi iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ìjọba sílẹ̀ ní Èkó. Bí kò bá jẹ́ pé ó kúrò, orúkọ méjèèjì tó mulẹ̀ ní 1591 ì bá tún pàdé nínú ọ́fíìsì ìjọba kan náà, ọ̀kan lórí àga, ìkejì nídìí ìwọn ilẹ̀, láìjẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kankan so àwọn méjèèjì pọ̀.

Orúkọ náà gba ọwọ́ Zachary Macaulay dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Inveraray ní Skọ́tílándì ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1768. Àlùfáà ni John baba rẹ̀, àlùfáà sì ni Aulay baba baba rẹ̀ ní erékùṣù Harris tó so mọ́ Lewis, èyí tó fi hàn pé ìdílé ti Lewis ni wọ́n. Ọmọ ọdún 16 ni Zachary nígbà tí wọ́n rán an lọ sí Jamaica, ó sì ṣe alábòójútó ní oko ìrèké tí àwọn ẹrú ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ohun tó fojú rí ní Jamaica ló mú un kórìíra òwò ẹrú, tó fi lọ sí Sierra Leone, tó sì di gómìnà ibẹ̀ láti 1794 sí 1799. Nígbà tó padà sí London, ó di ọ̀kan nínú àwọn tó ń kó ẹ̀rí jọ fún òfin tó fòpin sí òwò ẹrú ní 1807 àti èyí tó dá àwọn ẹrú sílẹ̀ ní 1833. Kò yẹ kí a gbàgbé pé ẹni tí àwọn tí a gbà sílẹ̀ wá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ti kọ́kọ́ di pàṣán mú lórí àwọn ẹrú. Ìtàn tó bá fò ó kọjá ń pọ́n ọkùnrin náà lé ju bó ṣe yẹ lọ.

Lẹ́yìn 1807, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń mú ọkọ̀ àwọn olówò ẹrú lórí òkun, wọ́n sì ń kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown. Ogun tó fọ́ ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àti àwọn ìlú yí i ká mú kí Yorùbá pọ̀ gan-an láàárín wọn, àwọn tí wọ́n pè ní Aku níbẹ̀. Níbi ìforúkọsílẹ̀ àti ní ilé ìjọsìn, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti míṣọ́nnárì fún ọ̀pọ̀ wọn ní orúkọ gómìnà, orúkọ oníṣòwò, tàbí ti olóore tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní Freetown nígbà náà, orúkọ Macaulay wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn: iléeṣẹ́ òwò Macaulay àti Babington ló ń ṣe káràkátà, mọ̀lẹ́bí Zachary kan, Kenneth Macaulay, sì di adelé gómìnà ní ọdún 1826.

Ọdún 1826 yìí gan-an ni wọ́n bí ọmọ kan ní abúlé Kissy lẹ́bàá Freetown, tí baba rẹ̀ Òjó Oriare jẹ́ ará Ìkìrun, tí ìyá rẹ̀ Kilangbe sì jẹ́ ará Ilé-Ogbó, ìlú méjèèjì tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí. Thomas Babington Macaulay ni wọ́n sọ ọmọ náà. Orúkọ yìí kan náà ni Zachary fúnra rẹ̀, tó jẹ́ àbúrò ìyàwó ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Thomas Babington, ti fi sọ ọmọ tirẹ̀ tó di òpìtàn ńlá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn méjèèjì tó jọ ń jẹ́ Thomas Babington Macaulay ló fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì: ti Gẹ̀ẹ́sì kọ ìwé àbá ní Íńdíà ní 1835 pé kí ìjọba fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀, ti Kissy, tó ti di àlùfáà, dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 1859 pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà. Iṣẹ́ ti èkejì kò gba ìwé àbá, ṣùgbọ́n òun ni Èkó jẹ èrè rẹ̀.

Ní 1854 ni Macaulay ti Kissy gbé Abigail, ọmọ Samuel Àjàyí Crowther, níyàwó. Crowther pẹ̀lú, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan ló ń jẹ́, nítorí náà ìgbéyàwó náà so orúkọ àjèjì méjì pọ̀ nínú ilé tó jẹ́ ti Yorùbá tọkùnrin-tobìnrin. Àwọn tó padà wálé láti Sierra Leone, tí Èkó ń pè ní Sàró, tẹ̀dó sí Ọlọ́wọ̀gbowọ́, wọ́n sì mú Macaulay, Campbell àti irú wọn bọ̀. Ẹni tó bá rò pé àwọn ìdílé wọ̀nyí ní òyìnbó nínú baba ńlá wọn ṣìnà. Ìkìrun àti Ilé-Ogbó ni gbòǹgbò wà. Èrò kejì, pé orúkọ ẹrú lásán ni kí wọ́n sọ ọ́ nù, ní àwọn alágbàwí ní Èkó láàárín 1880 sí 1900, nígbà tí David Brown Vincent sọ ara rẹ̀ di Mọ́jọlá Àgbébí. Èyí ní ọlá tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Herbert, ọmọ Thomas àti Abigail, tí wọ́n bí ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 1864, jẹ́ Ọláyínká, ó sì jẹ́ Macaulay títí ó fi kú ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún ọdún 1946, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé orúkọ náà dín ìfẹ́ ilẹ̀ baba rẹ̀ kù.

Ilẹ̀ Apápá ni ẹ̀rí. Ní 1913, ìjọba gba nǹkan bí éékà 250 ní Apápá fún iṣẹ́ ìlú, láti fi ṣe èbúté. Olóyè Amodu Tijani, tí í ṣe Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, ìyẹn àwọn olóyè onífìlà funfun tí wọ́n ni ilẹ̀ Èkó, béèrè owó gbà-má-bínú fún gbogbo ilẹ̀ náà. Ilé ẹjọ́ ní Èkó dáhùn pé ẹ̀tọ́ ìṣàkóso nìkan ni olóyè ní, pé kì í ṣe òun ló ni ilẹ̀. Herbert Macaulay, tó ti kọ́ iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ní Plymouth láti 1890 sí 1893, tó mọ ilẹ̀ Èkó bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, bá Olúwa lọ sí London ní 1920 gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀, ó sì gbé ọ̀pá àṣẹ Elékòó, Ọba Èṣùgbàyí, dání. Ọ̀rọ̀ tó sọ nípa ipò Elékòó níbẹ̀ dá wàhálà sílẹ̀ láàárín ọba náà àti ìjọba, ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà yọrí. Ní oṣù keje ọdún 1921, Privy Council, ìgbìmọ̀ tó jẹ́ ilé ẹjọ́ àgbà fún àwọn ilẹ̀ abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, dájọ́ pé ìwé tí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ní 1861 kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Pé ẹbí àti ìlú ló ni ilẹ̀, olóyè sì ń tọ́jú rẹ̀ fún wọn. Àti pé kí ìjọba san owó ilẹ̀ náà ní kíkún. Pọ́ùn 22,500 ni wọ́n san níkẹyìn. Viscount Haldane ló ka ìdájọ́ náà, ọmọ bíbí Edinburgh, tí orúkọ ìdílé tirẹ̀ wá láti Skọ́tílándì bákan náà.

Ní ọdún yẹn kan náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí èbúté Apápá, tó parí ní 1926; Tin Can Island tẹ̀ lé e ní 1977. Lónìí, tírélà tó gbé kọ̀ǹtẹ́nà ló ń rọ́ gìrìgìrì ní Creek Road, àwọn òṣìṣẹ́ láti Ajégúnlẹ̀ sì ń wọ inú ọgbà èbúté lọ. Nínú ìwé àlejò lẹ́nu géètì àwọn iléeṣẹ́ ibẹ̀, orúkọ ìdílé ni ẹ̀ṣọ́ kọ́kọ́ ń béèrè, orúkọ Ìjọ̀, Ìlàjẹ, Urhobo, Ígbò àti Yorùbá sì wà lórí ojú ewé kan náà. Ẹni tó bá rí MacPepple níbẹ̀, kó má lọ wá a kiri ní Skọ́tílándì, nítorí Bonny ni ó ti wá, níbi tí Pepple ti jẹ́ orúkọ ilé ọba. Ní ti Macaulay, ó ṣì wà ní Lewis, ní Antrim ní Ireland, ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, pẹ̀lú onírúurú ọ̀nà ìkọ bíi McAulay, McAuley àti McCauley. Ó wà ní Freetown, ó sì wà ní Èkó, níbi tí òpópónà ńlá kan ní Yábàá àti owó náírà kan fi ń rántí Herbert. Kò sì yẹ kí a fi orúkọ nìkan ka àwọn ọmọ ilé náà: Ameyo Adadevoh, dókítà tó dá àrùn Ebola dúró ní Èkó ní 2014, tó sì tipa bẹ́ẹ̀ kú, ìran Herbert Macaulay ni, orúkọ baba tirẹ̀ ló ń jẹ́.

A ṣì ń tọ́ka sí ìdájọ́ ilẹ̀ Apápá nínú ẹjọ́ ilẹ̀ ní Nàìjíríà, ilé ẹjọ́ gíga ilẹ̀ Kánádà tọ́ka sí i ní 1973 nínú ẹjọ́ Calder, ti Ọsirélíà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1992 nínú ẹjọ́ Mabo. Orúkọ tó wà lórí ìwé ìdájọ́ náà ni ti Amodu Tijani. Ti Macaulay kò sí níbẹ̀.