Àdírẹ́sì tí fáìlì rẹ ń fi pamọ́

Ọ̀rọ̀ tòní kan gbogbo ẹni tó ń gbé iṣẹ́ lọ tẹ̀ ní Ṣómólú àti Bàrígà.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnì kan fi Mac ṣe ìwé ètò ìsìnkú. Ó kó o sínú flash, ilé ìtẹ̀wé sì ṣí i lórí Windows. Fáìlì méjì ni wọ́n bá níbẹ̀: isinku.pdf àti ._isinku.pdf. Èkejì kọ̀, kò ṣí. Ọ̀la ni ìsìnkú, oníbàárà ti ń làágùn.

Iṣẹ́ kò bàjẹ́ o. Mac máa ń tọ́jú ìròyìn nípa fáìlì, irú bí àwọ̀ tẹ́ ẹ fi sàmì sí i. Metadata nìyẹn. Flash tó jẹ́ FAT32 tàbí exFAT kò ní àyè fún un, ni Mac bá kó o sínú fáìlì kejì. Lórí Mac, ẹ ò ní rí i, torí fáìlì tí àmì tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ máa ń fara pamọ́.

Ìbéèrè wá ni pé: tí fáìlì bá ní àdírẹ́sì, báwo la ṣe máa kọ àdírẹ́sì ìròyìn rẹ̀? Windows lo kólọ́ọ̀nù: isinku.pdf:Zone.Identifier. Ibẹ̀ ló kọ ọ́ sí pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni fáìlì ti wá, kó lè kìlọ̀ fún yín. Mac ṣe fáìlì bíi fódà: isinku.pdf/..namedfork/rsrc. Linux kò fún un ní àdírẹ́sì kankan. Àṣẹ ọ̀tọ̀, bíi getfattr, lẹ máa lò. Ní 2020, ẹnì kan nínú àwọn tó ń kọ Linux dábàá pé kí wọ́n fi slash méjì, //, ṣe é. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ó ti pẹ́ tí // àti / ti jẹ́ ọ̀kan náà. Àìmọye ètò kọ̀ǹpútà ló ń kọ // láìbìkítà. Tẹ́ ẹ bá yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà lónìí, iṣẹ́ oníṣẹ́ lẹ dàrú yẹn.

Nítorí náà, kálukú ló ní àdírẹ́sì tirẹ̀, flash kò sì mọ ọ̀kankan níbẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ kọ sára fáìlì lóde lè dànù lọ́nà. Ẹ kọ ohun tó ṣe pàtàkì sínú orúkọ rẹ̀ gan-an: isinku_A5_200_ikeyin.pdf. Tó bá jẹ́ WhatsApp lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi document, ẹ má fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò, torí WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀, á sì yọ ọjọ́ àti ibi tẹ́ ẹ ti yà á kúrò.

Tẹ́ ẹ bá sì rí ._ nínú flash, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ ṣí ìkejì rẹ̀. Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bá yín tẹ̀wé. Ó dìgbà kan ná.