Bí A Ṣe Ń Mọ Ẹni Tí Ń Ba Àwòrán Jẹ́

Ẹ̀yin ará Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ìlú àwọn ọmọ Àyàn ni ìlú yín. Ẹ mọ̀ pé bí ẹnì kan bá ṣi ìlù lù, ọ̀rọ̀ a yí padà lójú agbo.

Nígbà tí iṣẹ́ amóhùnmáwòrán bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù kẹwàá ọdún 1959, ibùdó kan ni ó ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí gbogbo ilé. Lónìí, ọ̀nà mìíràn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A ó gé àwòrán sí wẹ́wẹ́. Ẹni tí ó bá gba ègé kan yóò tún fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi lè wo eré bàtá nígbà kan náà, tí ẹrù kò sì ní wọ ẹnì kan lọ́rùn.

Ibẹ̀ ni ọ̀tá ń gbà wọlé. Yóò fi ègé tí ó bàjẹ́ sí àárín èyí tí ó dára. Aládùúgbò tí kò fura yóò sì pín in kiri. Ní ọdún 2007, Prithula Dhungel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi ìdánwò hàn pé ìbàjẹ́ yìí burú púpọ̀. Wọ́n ní kí á fi òǹtẹ̀ sí ègé kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tí ó ni àwòrán nìkan ni ó ní kọ́kọ́rọ́ àṣírí òǹtẹ̀ náà, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ni ó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Bí a bá yí ègé náà padà, bí ó ti wù kí ó kéré tó, òǹtẹ̀ kò ní bá a mu mọ́.

Ta wá ni ọ̀daràn? Ó ṣeé ṣe kí ègé kan ti ọwọ́ ènìyàn mẹ́ta wá ní ẹ̀rún-ẹ̀rún. Kò tọ́ láti lé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú BitTorrent, tí Bram Cohen dá sílẹ̀ ní ọdún 2001 fún pípín fáìlì, àwọn ètò kan a tún ègé náà gbà títí wọn yóò fi rí èyí tí ó pé. Wọn a wá fi ẹ̀rún tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú wá wé e. Ẹni tí tirẹ̀ yàtọ̀ ni wọn ń lé. Ẹ̀sùn lásán kò tó, nítorí ọ̀tá pẹ̀lú lè fẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ fi eré ìlú yín han àwọn ọmọ yín tí ó wà lókè òkun lọ́nà yìí, ẹ kọ́kọ́ bèèrè: ǹjẹ́ òǹtẹ̀ wà? Ǹjẹ́ ẹ̀rọ ń yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó pín ègé fún ẹlòmíràn? Ẹni tí ó bá yẹ ohun tí ó gbà wò kò ní di ìránṣẹ́ ọ̀tá láìmọ̀.