Àìlera Ọkùnrin àti Wíwá Ìwòsàn fún Un

Ẹ̀yin baba àti ẹ̀yin ìyá, ọ̀rọ̀ tí a pè yín láti gbọ́ ní ìrọ̀lẹ́ yìí kì í ṣe èyí tí a máa ń sọ ní gbangba. Ṣùgbọ́n nítorí pé a kì í sọ ọ́, ọ̀pọ̀ ilé ń dàrú ní ìdákẹ́jẹ́, àwọn ọkùnrin kan sì ń kú ikú tí à bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ń bọ̀. Ọ̀ràn ọkùnrin tí ó fẹ́ràn aya rẹ̀, tí ó sì fẹ́ sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ kò dìde mọ́, tàbí tí ó dìde tí kò dúró pẹ́, ni a fẹ́ sọ.

Kí a kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Àìlera yìí kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú àìrọ́mọbí. Ẹni tí ara rẹ̀ le dáadáa lè máà ní irúgbìn nínú àtọ̀ rẹ̀, ẹni tí tirẹ̀ kò sì le lè ní irúgbìn pípé. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ òru ọjọ́ kan. Ẹni tí iṣẹ́ ti rẹ̀, tàbí tí ọtí ń pa, lè kùnà lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra fún oṣù díẹ̀ ni ó di ti oníṣègùn. Kí ẹni tí ó ń ṣe má sì rò pé òun nìkan ni. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1994, tí a ṣe ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà láàrin àwọn ọkùnrin ẹni 40 ọdún sí 70, fi hàn pé 52 nínú 100 ni ó ní in, ìbáà ṣe díẹ̀ tàbí púpọ̀. Ohun tí ó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo Ọlọ́ya ni ó ń ṣe.

Kí ni ó ń mú ara ọkùnrin le? Ẹ̀jẹ̀ ni. Nínú ẹ̀yà náà ni ohun méjì wà tí ó rí bíi kànìnkànìn. Nígbà tí ìfẹ́ bá dé, ọpọlọ a ránṣẹ́. Ara a sì tú afẹ́fẹ́ kan tí a ń pè ní nitric oxide sílẹ̀, èyí tí ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀. Nígbà náà ni ẹ̀jẹ̀ yóò rọ́ wọlé, tí yóò sì tẹ àwọn iṣan tí ì bá gbé e jáde mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1983, ọ̀mọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Giles Brindley, fi abẹ́rẹ́ oògùn tí ń dẹ iṣan gún ara rẹ̀ níbẹ̀, kí ó tó dìde sọ̀rọ̀ fún àwọn oníṣègùn ní ìlú Las Vegas, ó sì fi èyí tí ó ti inú rẹ̀ jáde hàn wọ́n. Àwa kò ní tẹ̀lé àpẹẹrẹ rẹ̀ ní orí pèpéle yìí. Ṣùgbọ́n ta ni ìfẹ́ yóò gbé níbi tí ó ti ń ka ìwé fún àwọn dókítà? Ẹ̀jẹ̀ ni ó rí ọ̀nà.

Nítorí náà ohunkóhun tí ó bá ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ lè fa àìlera yìí: àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, sìgá, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ara sísanjù. Níhìn-ín ni a fẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀ jù lọ. Iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀yà ọkùnrin kò fẹ̀ ju mìlímítà 1 sí 2 lọ. Èyí tí ń bọ́ ọkàn fẹ̀ tó 3 sí 4. Bí ìdọ̀tí bá ń dí ojú ọ̀nà omi, èyí tí ó tóóró ni ó ń kọ́kọ́ dí. Àwọn oníṣègùn ti rí i pé àìlera yìí sábà máa ń ṣáájú àìsàn ọkàn ní ọdún 2 sí 5. Ọkùnrin tí ó fi í pamọ́ fún ọdún mẹ́ta, tí ó ń ra ọtí paraga mu ní ìdí ọkọ̀, ti pa ẹnu oníṣẹ́ tí a rán sí i dé.

Ọ̀pọ̀ a di ẹ̀bi ru jẹ̀díjẹ̀dí àti ohun dídùn. Jẹ̀díjẹ̀dí kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò jìnnà sí òtítọ́ nígbà tí wọ́n fura sí ṣúgà, nítorí àtọ̀gbẹ wà nínú àwọn ọ̀tá tí ó burú jù. Àwọn mìíràn a ní ayé ni ó dè wọ́n. Aya a rò pé obìnrin mìíràn wà níta, ọkọ a fura sí aya. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Ọ̀ràn ọkàn náà wà lóòótọ́: ìbẹ̀rù, ìbànújẹ́, gbèsè. Bí ara bá ń dìde lówùúrọ̀ tí kò sì dìde ní àkókò tí a fẹ́ ẹ, dókítà yóò kọ́kọ́ wo ìhà ibẹ̀.

Kí tọkọtaya jọ lọ, bí ó bá ṣeé ṣe. Dókítà yóò wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, yóò yẹ ṣúgà wò, yóò sì béèrè oògùn tí ẹ ń lò, nítorí àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan ń fa àìlera yìí. Ẹ má ṣe dá wọn dúró fúnra yín. A lè pààrọ̀ wọn. Oògùn sildenafil, tí a mọ̀ sí Viagra, jáde sí ọjà ní ọdún 1998. Oògùn àyà dídùn ni àwọn tí ó ṣe é ń wá kí wọ́n tó kan èyí. Kì í dá ìfẹ́ sílẹ̀, ìfẹ́ tí ó wà ni ó ń ràn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń lo oògùn nitrate fún àyà bá gbé e mì, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ dé ojú ikú. A sì ti bá oògùn yìí kan náà níkọ̀kọ̀ nínú àgúnmu tí a kọ sí lára pé ewé àti egbò nìkan ni. Èèpo burantashi pẹ̀lú ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Ẹni tí oògùn mímì kò bá ṣiṣẹ́ fún, abẹ́rẹ́ wà, iṣẹ́ abẹ sì wà.

Ó ku ọ̀kan, ti àwọn ọmọkùnrin tí ó ní àrùn fòníkúfọ̀ladìde. Ara wọn lè le láìsí ìfẹ́, pẹ̀lú ìrora, nígbà púpọ̀ ní òru. Bí ó bá ju wákàtí 4 lọ, ó lè ba ẹ̀yà náà jẹ́ títí ayé. Ọmọ ọdún 12 kì yóò mọ bí òun ó ti sọ ọ́. Kí baba tàbí ìyá ti bi í léèrè ṣáájú, kí wọ́n má sì dúró de ilẹ̀ mímọ́ kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn.