Iṣẹ́ Ẹni Lórí Ẹ̀rọ Ẹlòmíràn: Ewu Yíyí Fódà Òṣìṣẹ́ Sórí Sáfà

Ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lé ètò kan tí òṣìṣẹ́ kì í sábà fura sí. Wọn á yí fódà tó ń kó iṣẹ́ rẹ̀ sí kúrò lórí ẹ̀rọ iwájú rẹ̀ lọ sórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí gbogbo ọ́fíìsì jọ ń lò, orúkọ fódà náà kò sì ní yí padà lójú ẹni tó ni ín. Láti ìgbà Windows 2000 ni Microsoft ti fi irinṣẹ́ yìí lé àwọn alábòójútó kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ á tan kọ̀ǹpútà, á tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà, á sì bá Documents àti Desktop níbi tó ti ń bá wọn látẹ̀yìnwá. Kò mọ̀ pé bí òun ṣe ń fi lẹ́tà pamọ́, yàrá mìíràn ló ń lọ. Èrò tèmi ni pé àìmọ̀ yìí gan-an ni ewu tó le jù nínú ètò náà, ó le ju kí sáfà bàjẹ́ lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù Kẹwàá ọdún 2018. Ní ọjọ́ kejì oṣù náà, Microsoft gbé ìmúdójúìwọ̀n Windows 10 tí wọ́n pè ní 1809 jáde. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi ń figbe ta pé ìwé àti àwòrán àwọn ti dàwátì. Ilé iṣẹ́ náà dá pínpín rẹ̀ dúró, wọ́n wá ìdí ọ̀rọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní gbangba. Àwọn tó ti yí Documents tàbí Pictures sí ibòmíràn, bíi dráìfù D, ni ó kàn. Bí ènìyàn bá yí fódà láì kó gbogbo ẹrù inú rẹ̀ lọ, fódà àtijọ́ á ṣì wà níbi tó wà: orúkọ kan, ojú ibi méjì. Àwọn ènìyàn ti ráhùn tẹ́lẹ̀ pé fódà òfìfo tó jọ èkejì yìí ń da ojú rú, ni Microsoft bá kọ ìlànà tí yóò máa pa á rẹ́. Ìlànà náà kò yà fódà tó ní ẹrù sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ṣófo, fáìlì sì bá a lọ. Ó di ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá kí wọ́n tó tún gbé e jáde.

Ẹnìkan lè sọ pé Microsoft fúnra rẹ̀ ní àwọn tó mú ẹ̀sùn wá kò ju ẹyọ kan lọ nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tó gba ìmúdójúìwọ̀n náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iye àwọn tó ké síta nìyẹn, ẹ̀rọ olúkúlùkù sì ni ó ṣe é sí. Ní ọ́fíìsì tí fódà igba òṣìṣẹ́ ti wà lórí sáfà kan, àṣìṣe kan ṣoṣo nínú ìlànà lè kan gbogbo wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan náà.

Kì í sì í ṣe ìgbà tí Microsoft bá ṣàṣìṣe nìkan ni nǹkan máa ń dàrú. Nígbà tí alábòójútó bá ń ṣètò yíyí fódà, ó ní láti pinnu ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí ètò náà bá dópin. Bí ó bá ní kí fódà padà sórí ẹ̀rọ òṣìṣẹ́, tí kò sì ní kí ẹrù inú rẹ̀ bá a bọ̀, Documents á padà lófìfo. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ṣì wà lórí sáfà láìfarapa, ṣùgbọ́n ojú ẹni tó ni ín kò tó o mọ́. Yóò gbà pé ó ti sọnù, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ òmíràn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹni tó ń gbá sáfà mọ́ á rí fódà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, á sì nù ún dànù. Àṣàyàn mìíràn tún wà tí Microsoft ti fi síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: pé òṣìṣẹ́ nìkan ni kó ní àṣẹ lórí fódà rẹ̀. Ó dára fún àṣírí. Àmọ́ bí òṣìṣẹ́ náà bá kú, alábòójútó pàápàá kò ní rí fódà náà ṣí àfi bó bá kọ́kọ́ gba fódà ọ̀hún sí ìkáwọ́ ara rẹ̀.

Àwọn kan á ní Windows ti mójú tó ọ̀rọ̀ iná tó ń lọ, nítorí ó máa ń tọ́jú ẹ̀dà fáìlì sórí láptọ́ọ̀pù kí iṣẹ́ má dúró bí nẹ́tíwọọ̀kì bá kú. Ẹ̀dà yìí wúlò gan-an níbi tí iná kò ti dúró sójú kan. Ṣùgbọ́n ẹrú sáfà ni. Ohun tí wọ́n bá pa rẹ́ lórí sáfà, yóò parẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù náà nígbà tí àwọn méjèèjì bá tún pàdé. Bí fáìlì kan bá sì ti yí padà níhà méjèèjì, Windows á bi òṣìṣẹ́ léèrè èwo ni kí òun dì mú. Ẹni tí kò mọ̀ rí pé fáìlì òun jẹ́ méjì ni wọ́n ń bi ní ìbéèrè yẹn!

Àwíjàre tó lágbára jù ni pé olè lè gbé láptọ́ọ̀pù, dísíìkì lè bàjẹ́, òṣìṣẹ́ kì í sì í tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀. Mo gbà pátápátá. Fáìlì tó wà lórí sáfà tí wọ́n ń bójú tó sàn ju èyí tó wà lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò bójú tó. Ohun tí mo kọ̀ ni kí á máa pe sáfà ní ẹ̀dà ìpamọ́. Fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa kì í béèrè ibi tí fódà wà: bí akọ̀wé bá ní àṣẹ láti kọ nǹkan sínú fódà rẹ̀ lórí sáfà, fáírọ́ọ̀sì tó wọ ẹ̀rọ akọ̀wé náà ní àṣẹ kan náà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 2017, fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní NotPetya kọlu Maersk, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ti Denmark. Gẹ́gẹ́ bí oníròyìn Andy Greenberg ṣe kọ ọ́, sáfà bí 150 tó ń tọ́jú orúkọ àti àṣẹ àwọn òṣìṣẹ́ wọn ló jẹ́ ẹ̀dà ara wọn, tí wọ́n sì gbà pé bí ọ̀kan bá kú, èkejì á dìde. Gbogbo wọn kú pọ̀, àfi ẹyọ kan ní Ghana, nítorí iná ti lọ níbẹ̀ ṣáájú, tí sáfà náà kò sì sí lórí nẹ́tíwọọ̀kì. Ẹnìkan gbé dísíìkì rẹ̀ láti Ghana wá sí Nàìjíríà, ó fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfurufú, onítọ̀hún sì wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Yíyí fódà kọ́ ló dá wàhálà Maersk sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹ̀dà tó ń gbọ́ gbogbo ohun tí sáfà ń gbọ́ lè bá a kú, àti pé èyí tí wọ́n yọ kúrò lára wáyà ló ṣeé gbára lé.

Nítorí náà, kí ọ́fíìsì tó bá fẹ́ yí fódà kọ́kọ́ ra dísíìkì tí yóò máa gba ẹ̀dà, tí wọn yóò sì máa yọ kúrò lára ẹ̀rọ bó bá ti gbà á tán. Kí wọ́n mú fódà òṣìṣẹ́ kan, kí wọ́n dá a padà láti inú dísíìkì náà sórí kọ̀ǹpútà tuntun, kí òṣìṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó pé. Kí wọ́n sọ fún gbogbo òṣìṣẹ́ pé iṣẹ́ wọn ti kúrò níwájú wọn, kí wọ́n sì kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe mọ̀: kí wọ́n fi apá ọ̀tún máòsì tẹ Documents, kí wọ́n yan Properties, kí wọ́n wo iwájú Location. Bí ohun tó wà níbẹ̀ bá fi ìlà ìdagẹ̀rẹ̀ méjì, \\, bẹ̀rẹ̀, orúkọ sáfà ló tẹ̀lé e, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wọn wà.