Nígbà Tí Àlùwàlá Kò Bá Tán

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn olùtọrẹ sọ ní ìpàdé wa ní Bọ́ládé, Òṣòdì)

  

Ìṣirò owó Sàká, owó ilé-ìwé àti àpò ìrẹsì lẹ sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu wa. Lónìí, ọ̀rọ̀ ọmọ òrukàn kan la fẹ́ sọ. A ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún 15 ni, ọ̀dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ló ń gbé nígbà tí a gbà á sí abẹ́ ìtọ́jú wa. Bí ó bá ṣe àlùwàlá tán, yóò tún un ṣe. Yóò ní omi kò kan ìgúnpá òun, yóò ní ó jọ pé òun ti só. Kẹ́ẹ̀gì omi kan kì í tó o, ẹ̀yin náà sì mọ iye tí à ń rà á lọ́wọ́ mẹ́rúwà. Bí ó bá kábárà, yóò já ìrun, yóò tún kábárà. Oòrùn á ti yọ kó tó kí Àsùbáà tán.

Àwa gan-an la kọ́kọ́ ṣìṣe. A yìn ín, a ní ọmọ tó bẹ̀rù Ọlọ́run nìyí. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bó, tí kò lọ sí ilé-ìwé mọ́, a ní àlùjànnú ni, a fi owó yín ra omi rukiya. Ìyá àgbà ní ayé ló ń ṣe é. Ẹnì kan tiẹ̀ nà án. Kò sí èyí tó dín in kù.

Àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní OCD ló ń ṣe é. Èyí tó bá ti ọ̀nà ẹ̀sìn yọ nínú rẹ̀ ni àwa mọ̀ sí wasiwasi, ròyíròyí. Kò sí ẹni tí èròkérò kì í wá sọ́kàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ti aláìsàn yìí kì í lọ. Bí ó bá fọwọ́ kó lè fọkàn balẹ̀, ìfọ̀kànbalẹ̀ náà kì í pẹ́, iyèméjì á tún padà, á sì le sí i. Nínú ènìyàn 100, ó lè ṣe ẹnì kan sí mẹ́ta láyé wọn, ọ̀pọ̀ wọn láti kékeré. Abū Zayd al-Balkhī, onímọ̀ Mùsùlùmí tó kú ní ọdún 934, ti kọ̀wé pé ọkàn máa ń ṣàìsàn bí ara ṣe ń ṣe, ó sì ka ròyíròyí mọ́ àwọn àìsàn náà.

Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí a gbé e lọ, òṣìṣẹ́ kan ní kó fi ìrun sílẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Ọmọ náà sunkún délé, kò sì gbà láti padà síbẹ̀. Ta ló máa padà?

Dókítà kejì ní ká mú àfáà wa wá. Kò bá ìrun jà rárá. Ohun tó bi àfáà ni ibi tí ẹ̀sìn pààlà àlùwàlá sí. Àfáà ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni òpin fífọ oríkèé, ẹ̀ẹ̀kan náà sì tó. Ó ní iyèméjì kì í ba ohun tó dáni lójú jẹ́, àti pé mùdù omi kan ni Ànábì (SAW) fi ń ṣe àlùwàlá. Ẹ wò ó, mùdù kan kò fi púpọ̀ ju omi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan lọ!

Orí ohun tí àfáà sọ ni ìtọ́jú dúró lé. Kẹ́tùlù kékeré kan, kò sí àtúnṣe, bó tilẹ̀ wù kí àyà rẹ̀ máa já. Ẹ̀rù náà yóò ga, yóò sì lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bí kò bá tún omi gbé. Ní London ni Victor Meyer ti kọ̀wé lórí irú ìtọ́jú yìí ní 1966. Ṣùgbọ́n ọmọ wa kò ní gbà á ká ní kò gbọ́ ọ lẹ́nu àfáà.

Ibì kan wà tó fẹ́ẹ̀ bà á jẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àfáà láago: “Bàbá, ṣé àlùwàlá mi dára?” Bí àfáà bá ti ní ó dára, kò ní pẹ́ tó fi tún pè. Dókítà ní ẹ̀ẹ̀kan ni kí àfáà dáhùn, kí ìyá àgbà náà má sì dáhùn mọ́, nítorí ìbéèrè yẹn ti di àlùwàlá mìíràn. Èyí ló le jù fún àfáà wa, ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa dáhùn ìbéèrè!

Kì í ṣe àṣà àjèjì ni kí dókítà bá àwọn ará ilé ṣiṣẹ́. Ní Àrò, l'Abẹ́òkúta, láti 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò fi àwọn aláìsàn sí àárín ará abúlé, ẹbí wọn ń bá wọn gbé, ó sì gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ láyè nínú iṣẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Ìjókòó pẹ̀lú dókítà lè tó 12 sí 20. Bí ó bá lo oògùn bíi fluoxetine, ó lè gba ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń jáwọ́. Tálákà ni ìyá àgbà, Sàká tọ́ sí i. Owó ọkọ̀ àti oògùn rẹ̀ la ń tọrọ, oṣù mẹ́fà gbáko. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ti Yaba ní ẹ̀ka níbí ní Òṣòdì tó ń tọ́jú àwọn ọmọdé. Ẹni tó bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé kò ní láti rìn jìnnà.

Ọmọ náà ti padà sí ilé-ìwé. Lọ́jọ́ mìíràn ó ṣì ń pẹ́ nídìí kẹ́tùlù. Ẹni tó bá mọ ilé tí irú rẹ̀ wà, kó rí wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. A ò ní bi í ní orúkọ ọmọ níṣojú ẹnikẹ́ni.