Ẹ Gbọ́ Tẹnu Òṣìṣẹ́ Kí Ẹ Tó Dá A Lẹ́bi



Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun tí òfin wí náà nìyẹn. Èkíní, a kò gbọdọ̀ dá ènìyàn lẹ́bi láìka ẹ̀sùn rẹ̀ sí i létí, kí a sì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Èkejì, ẹni tí ọ̀ràn kàn kò gbọdọ̀ jókòó bí adájọ́.

Ní ọdún 1983, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Yunifásítì Maiduguri, wọ́n sì lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan. Igbákejì ọ̀gá àgbà, tí rògbòdìyàn náà kan òun alára, ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ ìwádìí. Ní 1986, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wọ́gi lé ìdájọ́ náà. Ta ni yóò gba ìdájọ́ ẹni tí inú ń bí sí i?

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa. Ní 1985, ilé ẹjọ́ kan náà dá àwọn olùkọ́ Yunifásítì Èkó padà sẹ́nu iṣẹ́, nítorí pé òfin tó dá yunifásítì sílẹ̀ ló dáàbò bo iṣẹ́ wọn. Àwa tí a wà ní ilé iṣẹ́ aládàáni kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ kì í sábà fi ipá mú ọ̀gá láti gbà wá padà; owó ni a sábà ń rí gbà, ó sì lè má ju owó nótíìsì lọ. Nítorí náà, inú àdéhùn ẹgbẹ́ pẹ̀lú ọ̀gá ni kí a ti kọ ọ́ pé a kò ní lé ẹnikẹ́ni láìgbọ́ tirẹ̀.

Bí kúẹ́rì bá dé, ẹ má fi ìbínú ya á. Ẹ bèèrè ẹ̀sùn náà ní kíkọ, ẹ fèsì lásìkò, ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan, kí ẹ sì ké sí aṣojú ẹgbẹ́ kí ẹ tó wọlé lọ jẹ́jọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi òfin yìí mú ara wa náà. Bí a bá ní akápò ẹ̀ka kan kówó jẹ, kí a fi ìwé owó hàn án, kí a gbọ́ àlàyé rẹ̀, kí ẹni tó fẹ̀sùn kàn án má sì ṣe alága ìgbẹ́jọ́. Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ ọ̀gá, kí a kọ́kọ́ bá a lọ́wọ́ wa.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.